New Orleans fún àwa méjì: ìgbà wo ló dáa jù, àdúgbò wo la lè dé sí?

Ṣàkì_Houston:
Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn o. Houston lèmi wà, ẹnìkejì mi wà ní London, ọkùnrin làwa méjèèjì, ó sì ti pẹ́ tá a ti ń sọ ọ́ pé a máa jọ lọ New Orleans, tí àyè bá yọ fún mi kò ní yọ fún un, tó bá yọ fún un wọn ò ní fún mi lọ́lidé níbi iṣẹ́. Ó jọ pé tọ̀tẹ̀ yìí máa bọ́ sí i. Ohun tá a fẹ́ ò pọ̀: oúnjẹ tó dáa, orin, ibi tá a lè di ara wa lọ́wọ́ mú rìn láìsí pé ẹnì kan ń wò wá bí ẹni wo olè, ká sì rí nǹkan àtijọ́ wò torí ẹnìkejì mi fẹ́ràn ìtàn bí ẹni máa kú. A kì í ṣe ọmọ kíláàbù títí ilẹ̀ á fi mọ́ o, ṣùgbọ́n mi ò sọ pé a ò ní mu ọtí. Ìgbà wo nínú ọdún ló dáa? Àdúgbò wo la lè sùn? Ṣé òótọ́ ni pé Bourbon Street yẹn nìkan ni gbogbo ẹ̀? Èyí tó wá ń jẹ mí lọ́kàn jù, mo ní mọ̀lẹ́bí àti ará ṣọ́ọ̀ṣì ní Houston níbí tó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé wọn ni New Orleans, wíkẹ́ẹ̀ńdì tó bá ti wù wọ́n ni wọ́n ń sáré lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí wa níbẹ̀. Ẹ gbà mí o.

ÀdùkẹATL:
Bùrọ̀dá ẹ káàbọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ máa lọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú, torí òun ló máa sọ iye tẹ́ ẹ máa san fún hòtẹ́ẹ̀lì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo Southern Decadence, ayẹyẹ ńlá àwọn gay ni, wíkẹ́ẹ̀ńdì Labor Day nìyẹn, ìgbà tí oṣù kẹjọ ń parí lọ tí oṣù kẹsàn-án ń wọlé. Páàtì kékeré ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1972, àwọn ọ̀rẹ́ kan ní àdúgbò Tremé ló fi dágbére fún ẹnì kan nínú wọn tó ń kó kúrò nílùú, àmọ́ lónìí Bourbon máa ń kún débi pé ẹ ò ní rí ibi fẹsẹ̀ sí, ọkùnrin lọ́tùn-ún ọkùnrin lósì, òmíì ò wọ̀ ju pátá lọ. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ooru ìgbà yẹn kì í ṣe ooru ẹ̀dá, aṣọ á ti lẹ̀ mọ́ yín lára kẹ́ ẹ tó rìn dé ìkòríta. Àsìkò ìjì tún ni. June 1 sí November 30 ni wọ́n ń kà sí àsìkò ìjì lọ́hùn-ún, ìparí August wọ September ló sì máa ń le jù. Katrina wọlé ní August 29, 2005, Decadence ku ọjọ́ díẹ̀. Ida náà wọlé ní August 29, ti 2021, gbogbo ìlú ò níná. Èmi ò lè fi owó ọkọ̀ òfurufú ẹni tó ń bọ̀ láti London ta irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹwàá ni kẹ́ ẹ lọ, àbí ìparí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin.

Olóńgò_Dallas:
Àǹtí Àdùkẹ́ ẹ rọra o, ẹ ti ń dẹ́rù bà wọ́n 😂 Mi ò kì í pa Decadence jẹ ní tèmi. Kí wọ́n mú hòtẹ́ẹ̀lì tó gbà kéèyàn fagi lé e láìsan kọ́bọ̀, tí ìjì bá ń bọ̀ èèyàn á ti gbọ́ ṣáájú. Ọ̀sán Sunday yẹn tí wọ́n máa ń tò rìn káàkiri French Quarter, àdúgbò àtijọ́ tí Bourbon wà, àwọn tí wọ́n fi jẹ Grand Marshal á ṣáájú, ẹnikẹ́ni tó bá wù lè bọ́ sínú ẹ̀ kó máa jó tẹ̀lé wọn, ọ̀fẹ́ ni. Ibo lẹ tún fẹ́ lọ rí irú ẹ̀.

ÀdùkẹATL:
Ẹni tó ní òun kì í ṣe ọmọ kíláàbù lẹ ń rán lọ Decadence. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Bywater:
Mò ń gbé ìlú náà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Bourbon gùn. Láti Canal Street tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ rí ti àwọn àlejò: ọtí dídì aláwọ̀ ewé nínú ike gígùn, ilé ijó oníhòòhò, àwọn ọmọkùnrin tí ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ gbéyàwó tí wọ́n ti ń bì sójú títì ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ má dúró. Ẹ máa rìn lọ títí tẹ́ ẹ máa fi dé ìkòríta St. Ann, Oz wà lápá kan, Bourbon Pub dojú kọ ọ́ lódìkejì, àsíá òṣùmàrè kún gbogbo bákónì. Ibẹ̀ ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún rìn díẹ̀ dé Dumaine, Café Lafitte in Exile ló wà níbẹ̀ yẹn, ó wà lára àwọn ilé ọtí gay tó pẹ́ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ilé míì nítòsí ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, nígbà tí ilé yẹn bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì wọ́n ní kí wọ́n kó jáde, 1953 ni wọ́n kó dé ibi tí wọ́n wà yìí. Òkè ni kẹ́ ẹ gùn lọ, ẹ gba ọtí yín, ẹ dúró ní bákónì máa wo àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀, ẹ lè ṣe ìyẹn fún wákàtí mẹ́ta kó má sú yín. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti lè gbọ́ ohun tí ara yín ń sọ, Good Friends ní Dauphine ni kẹ́ ẹ lọ, ibẹ̀ ò le.

Ní ti ibi ẹ máa sùn, tó bá jẹ́ inú French Quarter, ẹ sọ fún wọn pé inú àgbàlá lẹ fẹ́ kí fèrèsé yín kọjú sí, ẹ má gba yàrá tó kọjú sí Bourbon bí wọ́n bá tiẹ̀ fi dín owó kù fún yín, ẹ ò ní sùn. Èmi ì bá ní kẹ́ ẹ lọ Marigny. Ẹ sọdá Esplanade báyìí, ẹ ti dé ibẹ̀, ilé onípákó àtijọ́ tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, ilé àlejò kéékèèké tí onílé fúnra ẹ̀ á sè kọfí fún yín láàárọ̀, àwọn bíi tiwa ló sì pọ̀ níbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé bẹ́ẹ̀dì kan àbí méjì. Frenchmen Street wà níbẹ̀, Snug Harbor, Spotted Cat, d.b.a., orin ààyè lálaalẹ́. Bywater témi ń gbé tún jìn díẹ̀ sí i. Ẹ ṣọ́ra fún Airbnb o, ìlú ti fòfin dè é ní ibi tó pọ̀ jù ní French Quarter, tẹ́ ẹ bá rí èyí tí ò kọ nọ́ńbà láísẹ́ẹ̀sì ẹ̀ sílẹ̀, ẹ fò ó.

Ṣàkì_Houston:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ Marigny yẹn ti ń wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹni kan bá mi dáhùn ti ìwé ìrìnnà ẹnìkejì mi ẹ jọ̀ọ́, kò tíì wọ Amẹ́ríkà rí.

Ẹyẹlé_Peckham:
Ìwé wo ló ń gbé rìn? Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ESTA nìkan ló nílò, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwọlé tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó lọ sórí ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà fúnra ẹ̀, torí àwọn oníjìbìtì ti dá ìkànnì tó jọ ọ́ sílẹ̀ tí wọ́n ń gba owó ìlọ́po. Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà ló ṣì ń gbé, bó ti wù kó pẹ́ tó ní London, físà ló nílò, kó sì kọ́kọ́ wádìí ní ilé iṣẹ́ aṣojú bóyá wọ́n ṣì ń fún ọmọ Nàìjíríà ní físà àlejò báyìí. British Airways ní ọkọ̀ tó ń lọ tààrà láti Heathrow sí New Orleans, kì í ṣe ojoojúmọ́ ṣá. Lẹ́nu ibodè, àwọn òṣìṣẹ́ lè ní kó ṣí fóònù ẹ̀, wọ́n lágbára ẹ̀. Kó dáhùn ohun tí wọ́n bá bi í, kó má fi kún un: mo wá lo ọlidé, ọ̀rẹ́kùnrin mi ń gbé Houston, hòtẹ́ẹ̀lì mi nìyí, tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ mi nìyí. Pé èèyàn jẹ́ gay ò lè dá a dúró, ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin ti bófin mu káàkiri Amẹ́ríkà láti 2015. Tó bá ń lo oògùn HIV náà kò sí wàhálà, 2010 ni wọ́n ti fagi lé òfin tí ò jẹ́ kí àwọn tó ní in wọlé, kó ṣáà jẹ́ kí oògùn wà nínú ike tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ n wá fi tèmi kún un nítorí àwọn obìnrin tó ń ka èyí láìsọ̀rọ̀. Èmi àti ìyàwó mi lọ. Bourbon yẹn, ti ọkùnrin ni. Wọ́n gbà wá, wọ́n bá wa ṣeré, àmọ́ gbogbo ẹ̀ ṣètò fún ọkùnrin. Ilé ọtí àwọn obìnrin wà nígbà kan, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni Charlene's ní Elysian Fields, kò sí mọ́. Páàtì alárìnká ló kù, lónìí wọ́n á ṣe é níbí, lóṣù tó ń bọ̀ níbòmíì, Instagram lẹ ti máa gbọ́. Ohun tó dùn mọ́ wa jù ni Country Club ní Bywater, ilé ńlá àtijọ́ tó ní odò ìwẹ̀ lẹ́yìn, tọkùnrin tobìnrin ló ń lọ síbẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣe oúnjẹ ọ̀sán ìparí ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọkùnrin tó múra bí obìnrin máa ń kọrin láàárín tábìlì. Ẹ gba ààyè sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ mú owó dọ́là kan-kan dání kẹ́ ẹ lè rí nǹkan lẹ̀ mọ́ wọn lára, ṣebí Yorùbá ni wá.

Olóńgò_Dallas:
Ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀ 😂😂 àǹtí ẹ ti jẹ́ kó dà bí òde Alhaji.

Ewúro:
Ìbéèrè tèmi rèé. Gbogbo fọ́tò Bourbon tí mo rí, òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀. Báwo ló ṣe rí fún àwa aláwọ̀ dúdú? Mi ò fẹ́ sanwó lọ síbi tí wọ́n á ti máa wò mí bí ẹni tó ṣìnà.

Ọmọ_Bywater:
Ọ̀rọ̀ gidi lẹ sọ yẹn. Aláwọ̀ dúdú lé ní ìdajì àwọn ará ìlú yìí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dúró sí Bourbon nìkan ẹ ò ní mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní lé yín, ìlú yìí ti ṣòfin láti 1991 pé wọn ò gbọdọ̀ yọ èèyàn sọ́tọ̀ torí pé ó jẹ́ gay, nígbà tó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Louisiana fúnra ẹ̀ ò tíì ṣe irú ẹ̀ títí dòní. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá jáde kúrò nínú ìlú lọ sí àwọn abúlé, kẹ́ ẹ fọwọ́ yín sápò.

Ṣùgbọ́n tiwa-n-tiwa dúdú wà, ó sì pọ̀. Ẹ gbọ́ bounce rí? Orin ìlú yìí ni, inú àwọn ilé ìjọba tí àwọn tálákà ń gbé ló ti jáde, ẹni tó sì kọ́kọ́ gòkè nínú àwọn bíi tiwa ni Katey Red, láti Melpomene, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìjọba yẹn, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Big Freedia ló wá gbé e dé gbogbo ayé. Tẹ́ ẹ bá rí i pé Freedia máa ṣeré nílùú lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa wá, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ẹ wọ bàtà tó rọ̀, ìdí ni wọ́n fi ń jó o. Ìyá àgbà á wà níbẹ̀, ọmọkùnrin tó kun ètè á wà níbẹ̀, gbogbo wọn á jọ máa jó, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kan léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni second line, ọ̀sán Sunday ni, láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ooru. Àwọn ẹgbẹ́ alájọṣe àdúgbò ló ń ṣe é, wọ́n á dá aṣọ kan náà, bàtà, fìlà, abẹ̀bẹ̀, fèrè àti ìlù á tẹ̀ lé wọn, ẹ̀yìn wọn ni gbogbo ayé á wá máa jó fún wákàtí mẹ́rin gbáko láti òpópónà kan bọ́ sí òmíì. Ó ń kọjá níwájú ilé èèyàn, wọ́n ń ta ẹran yíyan àti ọtí lórí mọ́tò. WWOZ, ilé iṣẹ́ rédíò wọn, máa ń gbé ọ̀nà tí wọ́n máa gbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan péré ni ẹ máa ṣe ní New Orleans, ìyẹn ni mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe, kì í ṣe Bourbon.

Ewúro:
Ẹ ti bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀gbọ́n_Oakland:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Níwọ̀n bí ẹnìkejì Ṣàkì ti fẹ́ràn ìtàn, ẹ jẹ́ kí àgbà náà fẹnu sí i. Ìkòríta Chartres àti Iberville, nítòsí Canal, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ilé ọtí nígbà kan, UpStairs Lounge ni wọ́n ń pè é. Alẹ́ Sunday, June 24, 1973, ẹnì kan dáná sí àtẹ̀gùn. Irin wà lójú fèrèsé, èèyàn 32 ló kú. Bill Larson, pásítọ̀ ìjọ tó ń gba àwọn bíi tiwa, ojú fèrèsé ló kú sí, wọ́n fi òkú ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí táwọn èèyàn ń kọjá nísàlẹ̀ tí wọ́n ń rí i. Àwọn ẹbí kan ò wá gba òkú ọmọ wọn torí ìtìjú, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ò gbà kí wọ́n ṣe ìsìn òkú nínú wọn, wọn ò sì dájọ́ fún ẹnì kankan lórí ẹ̀ títí dòní. 2022 ni ìgbìmọ̀ ìlú tó tọrọ àforíjì. Àmì irin tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí wà nílẹ̀, lójú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, 2003 ni wọ́n fi í síbẹ̀. Ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò tẹ́ ẹ bá débẹ̀ o, kò sí ère, kò sí pátákó ńlá, àwọn tó ń fa báàgì lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá ni. Ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má dà á pọ̀ mọ́ alẹ́ ìgbádùn.

Láti ibẹ̀ ẹ lọ Tremé, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn. Congo Square wà nínú Louis Armstrong Park. Nígbà ẹrú, ọjọ́ Sunday ni wọ́n máa ń gbà kí àwọn ẹrú kó jọ síbẹ̀ láti lu ìlù, jó, tajà tí wọ́n gbìn fúnra wọn. Wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n kó wá láti ìhà ọ̀dọ̀ wa sílẹ̀ nínú ìwé ọjà ẹrú Louisiana, 'Nago' ni wọ́n kọ fún tiwa. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì St. Augustine wà, àgbélébùú tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì ńlá dè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ̀, fún àwọn ẹrú tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn. Tẹ́ ẹ bá sì ń wo àwọn ilé tóóró gígùn yẹn, tí yàrá ń wọ inú yàrá láìsí ọ̀dẹ̀dẹ̀, shotgun ni wọ́n ń pè é, ọ̀mọ̀wé John Michael Vlach kọ ọ́ ní àwọn ọdún 1970 pé Haiti ló gbà dé ibẹ̀, pé ilé Yorùbá wà nídìí ẹ̀. Àwọn míì bá a jiyàn. Èmi gbà á, ojú mi ló gbà á. Níkẹyìn, tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan tó ṣófo, ẹ lọ Whitney Plantation, ẹ̀bá odò lókè, mọ́tò ló ń gbé èèyàn dé ibẹ̀. Ìtàn ẹrú ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, wọn kì í sọ ti olówó ẹrú. Àwọn ilé oko míì lágbègbè yẹn ń fi ibẹ̀ ṣe ìgbéyàwó.

Olóńgò_Dallas:
Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun. Mo ti jó kọjá lórí àmì yẹn láìmọye ìgbà.

Ẹni_Ayé_Ò_Mọ̀:
Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ará ṣọ́ọ̀ṣì, òun gan-an ló kàn mí. Wíkẹ́ẹ̀ńdì July 4 ni kẹ́ ẹ sá fún, Essence Festival nìyẹn, àjọ̀dún orin àwọn aláwọ̀ dúdú, gbogbo àǹtí wa láti Houston, Atlanta àti Maryland ló ń wà níbẹ̀, aṣọ ẹbí nìkan ni wọn ò tíì dá. Ìkejì ni wíkẹ́ẹ̀ńdì Thanksgiving, torí bọ́ọ̀lù Bayou Classic. Àárín ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, Sunday sí Friday, ó dínwó, àwọn ará Houston sì ti padà síbi iṣẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: kámẹ́rà wà ní Bourbon tó ń gbé ohun tó ń lọ níbẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, EarthCam ni, ẹni tó jókòó sí Ìkòròdú lè máa wo ibẹ̀ báyìí. Àlejò gbogbo náà ń ṣe live. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹnu ko ara yín lẹ́nu, inú ilé tàbí Marigny, kì í ṣe àárín Bourbon. Ẹ pa ohun tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà hàn lórí fóònù, ẹ lọ yí Facebook yín kó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí fọ́tò tí wọ́n lẹ orúkọ yín mọ́ tó hàn. WhatsApp status, ẹ gbé e jù sílẹ̀ títí tẹ́ ẹ máa fi dé. Tí ẹnì kan nínú yín bá ń múra àtilọ sílé, ẹ kó gbogbo fọ́tò yẹn kúrò lórí fóònù kẹ́ ẹ tó balẹ̀ ní Èkó. Òfin Nàìjíríà tó de àwọn bíi tiwa, tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2014 yẹn, ṣì wà ńlẹ̀, ọdún 14 fún ìgbéyàwó, 10 fún ẹni tó bá fi ìfẹ́ ẹ̀ hàn ní gbangba, ọlọ́pàá òpópónà ò sì nílò tó bẹ́ẹ̀ kó tó gba owó lọ́wọ́ yín.

ÀdùkẹATL:
Ẹ ṣé é jàre. Ẹ jẹ́ n fi ti àwọn oníjìbìtì ibẹ̀ kún un. Ní Bourbon, ọmọkùnrin kan á wá bá yín, á ní "mo lè sọ ibi tẹ́ ẹ ti rí bàtà yín, ká ta ogún dọ́là". Ẹ máa ronú pé kò lè mọ ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti rà á. Á ní ẹsẹ̀ yín ló wà, lórí Bourbon Street, á na ọwọ́. Ẹ má dá a lóhùn látìbẹ̀rẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa lọ. Lórí àwọn app ìfẹ́ náà, kító, ìyẹn àwọn tó ń fi ìfẹ́ tan gay lọ síbi tí wọ́n á ti lù ú tàbí jà á lólè, wà ní gbogbo ayé, ẹ má rò pé ti Nàìjíríà nìkan ni, ilé ọtí ni kẹ́ ẹ ti pàdé ẹni tẹ́ ò mọ̀. Lóru, ẹ má gba ojú ọ̀nà tó ṣókùnkùn sí ìhà Rampart, ẹ pe Uber, bó ti wù kó súnmọ́ tó. Ẹ lè gbé ọtí jáde sójú títì, òfin gbà á, ṣùgbọ́n ike ni o, ìgò kọ́. Ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 ni, ẹ wọ ti St. Charles lọ wo àwọn ilé olówó lábẹ́ igi oak, fèrèsé ẹ̀ ṣeé ṣí, atẹ́gùn á fẹ́ sí yín.

BàbáIbejì:
Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ tán ẹnì kan ò dárúkọ oúnjẹ. Ẹ lọ Dooky Chase's ní Orleans Avenue, Tremé, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1941, Leah Chase ló sọ ọ́ di ohun tó dà, ó kú ní 2019 lẹ́ni ọdún 96. Lókè ilé oúnjẹ yẹn ni àwọn aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó ti máa ń ṣèpàdé nígbà ìjà ẹ̀tọ́, nígbà tófin ò gbà kí wọ́n jọ jẹun. Ẹ múra dáadáa, ẹ gba tábìlì ṣáájú, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni wọ́n ń ṣí. Gumbo wọn, ọbẹ̀ ìlú yẹn, ẹ jẹ ẹ́. Ilá wà nínú ti ibòmíì, òmíì ò fi ilá sí i, ẹbí lè jà lórí ẹ̀. Ọjọ́ Monday, ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì ni gbogbo ìlú ń jẹ, torí pé Monday ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀ nígbà àtijọ́, wọ́n á gbé ẹ̀wà kaná kí wọ́n lọ fọṣọ. Ẹni tó bá jẹ́ Mùsùlùmí kó béèrè o, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń fi sè é. Café du Monde láàárọ̀ kùtù, kó tó di pé ìlà gùn: beignet ni wọ́n ń tà níbẹ̀, bíi puff-puff tí wọ́n da ṣúgà ìyẹ̀fun lé lórí bí òkè. Ẹ má wọ aṣọ dúdú, ẹ má sì rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá ti gbé e sún mọ́ ẹnu, gbogbo ẹ̀ á fò sí ẹnìkejì yín lójú. Edé odò wọn, crawfish, láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ló pọ̀, tó bá jẹ́ oṣù kẹwàá lẹ lọ ẹ ò ní rí i tútù.

ÀdùkẹATL:
Crawfish yẹn ni mo ṣe dárúkọ oṣù kẹrin. Àmọ́ French Quarter Fest àti Jazz Fest máa gbé owó hòtẹ́ẹ̀lì gòkè nígbà yẹn, ẹ wo ọjọ́ dáadáa.

Ṣàkì_Houston:
Ẹ̀yin èèyàn yìí, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Èmi àti ẹnìkejì mi ti jọ ka gbogbo ẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ àná. Oṣù kẹwàá la máa lọ, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Sunday la máa dé kí second line má bàa fò wá, Marigny la máa sùn. Ó ní òun gba ti àmì irin yẹn kó tó di ti ọtí. Pásípọ́ọ̀tì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ní, ESTA ló kù. Ṣé kí n wa mọ́tò láti Houston ni àbí kí n wọ ọkọ̀ òfurufú?

Ọmọ_Bywater:
Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dáa, torí ìparí ẹ̀ ni Halloween, àwọn bíi tiwa máa ń ya wọ̀lú nígbà yẹn, owó á gun òkè.

Mọ́tò ni kẹ́ ẹ wà wá, I-10 títí, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Reluwé wà lóòótọ́, Amtrak, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó sì máa ń pẹ́. Ẹ tètè gbéra láàárọ̀, torí afárá Baton Rouge máa ń há lọ́sàn-án. Ẹ ra epo ní Lafayette kẹ́ ẹ tó gun afárá Atchafalaya, máìlì 18 ni lórí omi, ẹ má sì sáré lórí ẹ̀, ọlọ́pàá ń ṣọ́ nọ́ńbà Texas. Kenner ni éápọ́ọ̀tù wà, ẹ máa kọjá ẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ ìlú, ẹ lè yà gbé ẹnìkejì yín lójú ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá dé Marigny, ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ ojú títì, àmọ́ ẹ ka gbogbo pátákó tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi mọ́tò sílẹ̀, wọn kì í bẹ̀ yín kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ. Tí òjò bá ń rọ̀ láìdáwọ́ dúró, ẹ bi onílé bóyá wọ́n ti fàyè gbà á kẹ́ ẹ gbé e sórí koríko àárín títì.

Ṣàkì_Houston:
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ bá mi wá orúkọ ilé àlejò kan ní Marigny tó ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, kó má jù 180 dọ́là lọ lóru.

Ẹyẹlé_Peckham:
Mo ti fi ibi tá a sùn ránṣẹ́ sí yín nínú inbox. Ẹ sọ fún wọn pé yàrá ìsàlẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn sí ọgbà, lẹ fẹ́.